Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀yìn Ilé Ìyálé

Obonyo kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú igbá ògì lọ́wọ́. Kò ṣàìsàn. Ejò ò bù ú jẹ. Ọkùnrin tó lè gbé akọ màlúù sọdá odò kí màlúù náà máa sùn lórí èjìká rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìyálé rẹ̀, ó mu ògì lẹ́ẹ̀kan, ó mu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì kú. Ògì ò dà. Nígbà tí wọ́n máa gba igbá lọ́wọ́ òkú, ó ṣì ń yọ èéfín.

Ta ló pè é? Ohun tí gbogbo òkè Kanyamula ń bi ara wọn nìyẹn. Àwọn obìnrin ké tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja inú adágún tó wà nísàlẹ̀ òkè fi rì lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni apẹja kankan ò rí nǹkan pa. Rispa, ìyàwó kejì, náà ń ké. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ké ló ń fi aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí pé erùpẹ̀ oko wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ní agbo ilé yẹn, bíi ti gbogbo agbo ilé orí òkè náà, ẹnikẹ́ni kì í ju hóró kan sílẹ̀ kí ìyálé tó gbìn. Ìyálé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ló máa kọ́kọ́ gbìn, ìyàwó kejì á tẹ̀ lé e, àwọn tó kù nínú ẹbí á tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá ṣáájú ìyálé rẹ̀ gbìn, ikú ló pè wọlé. Ọmọ ọwọ́ tí ò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Yunia ìyálé ti lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lódìkejì adágún nígbà tí òjò àkọ́kọ́ dé. Òjò ayé àtijọ́ máa ń dé, á sì jókòó bí àna tó wá jẹun. Òjò ìsinsìnyí ti ya wèrè. Á rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á sá lọ fún mẹ́ta, oòrùn á wá yan ilẹ̀ débi pé aláǹgbá á máa fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tiro kọjá. Lọ́dún tó kọjá, Rispa dúró de ìyálé, òjò ò dúró dè é, ewé lásán ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta jẹ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ké bí ewúrẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè dúró. Ní kùtùkùtù Ọjọ́rú, ó lọ sí oko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè níbi tí èèyàn kì í gbà, ó gbin àgbàdo ní hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń wẹ̀yìn wò bí olè. Yunia dé ní Ọjọ́bọ̀. Obonyo kú ní ọjọ́ Ẹtì.

"Èmi ni mo pa á," Rispa sọ nínú ikùn ara rẹ̀. Kò jẹ́ kó dé ẹnu.

Tí òkú bá wà nílẹ̀, ọkọ́ kì í kan ilẹ̀. Wọ́n dúró de àwọn ẹbí tó ń bọ̀ láti Mombasa. Wọ́n sin òkú. Wọ́n fi màlúù lé ikú jáde nínú agbo ilé, wọ́n fárí, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jà. Lẹ́yìn náà ni ibà dá Yunia dùbúlẹ̀. Kí ìyálé tó ju hóró àkọ́kọ́ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti bá òjò náà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, Rispa tẹ̀ lé e, ó gbin ilẹ̀ kékeré iwájú ilé rẹ̀ lójú gbogbo ayé, láti inú apẹ̀rẹ̀ irúgbìn kan náà. Ẹnì kan bi í pé, "Ti ẹ̀yìn òkè ńkọ́?" Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni mo ń lọ yìí." Ó gbé ọkọ́, ó lọ jókòó sáàárín àgbàdo tó ti kọjá orúnkún rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àgbàdo Yunia bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú wá. Ewé lu ihò tẹ̀léra-tẹ̀léra bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì í tó ń fi ìṣó lu ú. Ewé àárín gbẹ. Tí o bá fà á, á bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ láìjà, ìdí rẹ̀ á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ti Magak, àbúrò Obonyo, kú bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ará ilé kejì kú bẹ́ẹ̀. Ti iwájú ilé Rispa pàápàá kò yè. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti tan àtùpà, àwọn nǹkan kan á wá máa lu fèrèsé Yunia, pó, pó, pó. Kò sẹ́ni tó láyà láti jáde lọ wò wọ́n. Àwọn ọmọdé ní ẹyẹ ni. Àwọn àgbà ní ẹyẹ wo ló kéré tó yẹn tí kì í dún? Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará odò, àwọn ẹyẹ náà ti tóbi tó àdán. Nígbà tó dé ọjà, wọ́n ti tó tòlótòló, wọ́n sì ń pe orúkọ Obonyo.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Magak wọ ilé Rispa láìkan ilẹ̀kùn, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ara ògiri. Lórí òkè yẹn, ọkùnrin tó bá fi kóòtù kọ́ ilé opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di baálé ibẹ̀ nìyẹn.

"Ọkọ mi kékeré," Rispa ní, "ṣé ooru ń mú yín ni?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Mo lè bọ́ ohun tó bá wù mí."

"Ẹ̀gbọ́n yín ò tíì tutù nínú ilẹ̀."

"Ìyẹn náà ló fi yẹ kí ẹnì kan máa mú ilé gbóná."

Rispa já kóòtù náà, ó sọ ọ́ síta. Inú omi tí wọ́n fi fọ ẹja ló bọ́ sí. Magak bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó wò ó, ó wo Rispa. "O máa rí mi," ló sọ, ó sì lọ. Oṣù kan gbáko ni gbogbo ológbò òkè náà fi ń tẹ̀ lé e kiri bíi pé àlùfáà wọn ni.

Rispa sì rí i lóòótọ́. Ewúrẹ́ Magak já ní ọjọ́ kan, Magak tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn òkè. Ariwo rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo àgbàdo! Ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ! Ó ti yọmọ, ó ti nírun lẹ́nu!"

Gbogbo òkè dà sẹ́yìn òkè. Àgbàdo Rispa dúró gbọingbọin, ó tutù yọ̀yọ̀, ihò díẹ̀ níhìn-ín, ihò díẹ̀ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni. Yunia ìyálé ló wá bi í.

"Ọmọ Uyoma," ó ní, torí Uyoma ni wọ́n ti fẹ́ Rispa wá, "ọjọ́ wo lo gbin èyí?"

Rispa wo àgbàdo náà. Tó bá sọ òótọ́, òun ló pa Obonyo. Tó bá parọ́...

"Ọjọ́ tí gbogbo wa gbìn ni, ìyálé mi."

"Háà!" Magak pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọjọ́ kan náà! Tiwa ń kú ní orúnkún, tirẹ̀ ń wo òrùlé! Ó ń pe àgbàdo wa ni, àgbàdo wa ń dá a lóhùn. Ó pe ọkọ rẹ̀ náà, ọkọ dá a lóhùn. Àbí ta lẹ rò pé ó ń rán àwọn ẹyẹ yẹn?"

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ndalo, adáhunṣe tó ń gbé erékùṣù, pé kó wá ní Sátidé. Rispa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní ọdún tó kọjá, lódìkejì odò, Ndalo nàka sí opó arúgbó kan tó ń jẹ́ Abuto. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, òkúta ìdáná nìkan ló kù nínú ilé Abuto, àti Abuto fúnra rẹ̀, tó jóná débi pé wọn ò lè ya eérú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé.

"Màmá," Aloyo, ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà, bi í lálẹ́ ọjọ́ náà, "ṣé wọ́n máa sun àwa náà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Àwọn ọmọ Magak. Wọ́n ní ká kó ìkòkò wa fáwọn kó má bàa jóná dànù."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Rispa di ẹrù. Ó tún tú u. Tó bá sá, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Wọ́n á lé e bá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, àyà rẹ̀ ń lù débi pé ife orí tábìlì ń rìn lọ sétí. Ìgbà yẹn ni ẹyẹ kan kọjá níwájú rẹ̀.

Ó kéré. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti koríko gbígbẹ. Ó ń fò wúrúwúrú bí ọ̀mùtí, ó lọ bà lé fèrèsé Yunia. Òmíràn tẹ̀ lé e. Inú bí Rispa. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa sun òun nítorí ẹyẹ, kí òun kúkú rí ẹyẹ náà sójú. Ó gbé àtùpà.

Ẹ̀yìn ilé Yunia ni òkìtì pòròpórò ọdún tó kọjá wà. Obonyo fúnra rẹ̀ ló kó o jọ sára ògiri títí dé òrùlé, kí màlúù lè máa jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì fi èyí tó bá kù ṣe ọgbà. Gbogbo ilé orí òkè ló ní irú rẹ̀. Rispa gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Ihò róbótó kan wà lára pòròpórò kan, nǹkan kan sì ń yọjú níbẹ̀. Orí jáde. Ẹsẹ̀ jáde. Ìyẹ́ jáde, ó ṣì ká jọ. Ó dúró, ó gbọn ara, ìyẹ́ náà tú, ó sì fò kọjá létí Rispa, ó fi atẹ́gùn kàn án.

Rispa sún sẹ́yìn. Ara ògiri ìyálé ni wọ́n ti ń jáde! Yunia ni! Yunia ni àjẹ́! Èrò kan sì tẹ̀ lé e gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ejò: ìka kan péré ni. Kó kàn na ìka kan péré sí ẹ̀yìn ilé yìí lọ́la, ilé Yunia ló máa jó, tirẹ̀ á sì dúró.

"Ta nìyẹn?"

Yunia ti yọ létí ilé, ọmọ odó lọ́wọ́.

"Èmi ni, ìyálé mi."

"Má sún mọ́ mi! Kí lo wá sin sẹ́yìn ilé mi?"

"Mi ò sin nǹkan kan."

"Ọmọ Uyoma, mo bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni lóòótọ́, fò mí dá. Mo ti darúgbó, egungun ni gbogbo ara mi, kò sí ohun tó o máa rí jẹ níbẹ̀."

Eyín ìyálé ń lu ara wọn. Rispa wò ó, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń rán ẹyẹ níṣẹ́ ò lè bẹ̀rù tó báyìí. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń sá fún ara wọn láìṣísẹ̀. Rispa wá fa pòròpórò mẹ́ta yọ, ó sì sáré lọ sílé.

Ó là wọ́n lórí ẹní. Inú àkọ́kọ́ ti di ọ̀nà, ó kún fún èérún bíi ti igi tí ikán jẹ, èèpo awọ kékeré kan sì wà níbẹ̀, òfìfo, bí aṣọ tí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, kòkòrò kan ká jọ, ó funfun, orí rẹ̀ pọ́n, ó ń sùn. Rispa mọ kòkòrò yẹn. Ó ti pa á tó ọgọ́rùn-ún nínú àgbàdo iwájú ilé rẹ̀. Ó wo èyí tó ń sùn, ó wo aṣọ tí àwọn yòókù bọ́ sílẹ̀, ó wá yé e. Kì í ṣe ẹyẹ. Àfòpiná ni. Wọ́n sùn sínú pòròpórò ọdún tó kọjá, òjò jí wọn, wọ́n jáde lọ yé ẹyin sára àgbàdo tó bá rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, ti ẹ̀yìn òkè ti le, ó ti gbó. Ti gbogbo àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, ó rọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Ọjọ́ tí wọ́n gbìn nìkan ló yàtọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kò sì lè sọ. Rispa ò fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ndalo dé ní ọ̀sán. Ìrù ẹranko mẹ́sàn-án ló so mọ́ ìdí, imú rẹ̀ sì tóbi débi pé tó bá fa atẹ́gùn, àwọn tó dúró níwájú á sún síwájú díẹ̀. Bó ṣe ń mọ àjẹ́ ni pé á máa gbóòórùn èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sín sí, òun ni. Ó gbóòórùn àwọn ọkùnrin. Ó gbóòórùn Yunia. Ó dé iwájú Rispa, ó dúró, ó ká imú jọ, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya páànù.

Aloyo gbá ìyá rẹ̀ mú. Magak ti ṣá ìṣáná.

"Mo parọ́!" Rispa pariwo. "Ẹ dúró, mo parọ́! Mi ò gbìn lọ́jọ́ tí gbogbo wa gbìn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ni mo gbìn, kí ìyálé tó dé, kí ọkọ mi tó kú."

Ìṣáná jó Magak lọ́wọ́, kò mọ̀.

"Ọwọ́ kan náà ni mo fi gbin iwájú ilé mi," Rispa ń sọ lọ, "apẹ̀rẹ̀ kan náà. Ó kú bíi tiyín. Ṣé èmi náà ló ń pa ti ara mi ni? Ẹ là á. Ẹ la tiyín, ẹ la ti ẹ̀yìn òkè, kí ẹ sì la pòròpórò tí ẹ kó jọ."

Ó tẹ́ aṣọ tó kó pòròpórò mẹ́ta náà sí sílẹ̀ níwájú Yunia. Àwọn èèyàn sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún mọ́ ọn. Ẹnì kan sáré lọ fa àgbàdo Yunia tó ń kú wá, wọ́n fi àdá là á: kòkòrò funfun, orí pípọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọ́n dà lọ sẹ́yìn ilé ìyálé, wọ́n fa òkìtì náà wó. Eruku gba ojú ọ̀run, àwọn àfòpiná tó sá pa mọ́ sínú rẹ̀ sì fò jáde lójú oòrùn kedere, wọ́n ń kọ lu ojú àwọn èèyàn. Obìnrin mẹ́rin dákú. Ọkùnrin kan sá wọ inú adágún, nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i yọ.

"Ìyálé ni!" Magak ké. "Ilé ìyálé ni wọ́n wà! Ìyálé ni àjẹ́!"

Gbogbo ojú yí sí Yunia. Ó fara ti ògiri, ó ń wo ìṣáná tó wà lọ́wọ́ Magak.

"Irọ́!" Rispa bọ́ sí iwájú rẹ̀. "Obonyo ló kó èyí jọ. Ìwọ, Magak, òkìtì ẹ̀yìn ilé tìrẹ ńkọ́? Ìwọ ńkọ́, Baba Olwenda? Ta ni ò ní nínú yín? Ẹ lọ wò ó! Tó bá jẹ́ àjẹ́ ló ń tọ́jú wọn, gbogbo wa ni àjẹ́ o!"

Wọ́n lọ wò ó. Ilé Magak ló pọ̀ sí jù. Ndalo náà tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n eruku pòròpórò ti wọ imú rẹ̀. Ó sín sí Magak. Ó sín sí ìyá Magak. Ó sín sí ewúrẹ́. Ó di imú mú, ó sín sí ara rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sí etí omi láìwẹ̀yìn, ó ń sín lọ, a ṣì ń gbọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dé àárín adágún.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Magak ò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ó ní. "Kì í ṣe àjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́wọ́ o. Ó gbìn kí ìyálé tó gbìn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi kú. Ikú wà nínú àgbàdo yẹn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, yóò kú kí oòrùn tó wọ̀. Àbí mo parọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó parọ́. Gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn. Rispa náà gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, ó sì gbà á gbọ́.

Yunia kúrò lára ògiri. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó mú ọ̀nà ẹ̀yìn òkè pọ̀n, gbogbo èèyàn sì tẹ̀ lé e. Ó wọ inú oko Rispa, ó ṣẹ́ àgbàdo kan, ó bó o.

"Ìyálé mi, ẹ má jẹ ẹ́!" Rispa dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́! Mo ti pa ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kí n pa ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí n kó ọmọ mi lọ."

"Ta ló ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ tuntun wò nínú agbo ilé yìí?" Yunia bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

Ó gé e jẹ ní tútù. Omi àgbàdo funfun ṣàn sí i lágbọ̀n. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jókòó sílẹ̀ láàárín oko, ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó lọ bọ́ ẹran, kò sẹ́ni tó lọ pọnmi. Oòrùn dúró sójú kan bí ẹni pé òun náà fẹ́ rí òpin rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, Yunia di ikùn mú, ogójì èèyàn sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gùnfẹ̀, wọ́n jókòó. Rispa ń ka èémí rẹ̀. Tó bá fà á, Rispa á fà á. Tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, Rispa náà á dáwọ́ dúró títí ojú rẹ̀ á fi ṣú.

Oòrùn kan ojú omi. Ó pọ́n. Ó wọ̀.

Yunia dìde, ó gbọn aṣọ. "Ó fẹ́ iyọ̀," ó ní. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ ni màá ju hóró tèmi sílẹ̀. Tí mo bá wà lódìkejì adágún, kí Ọmọ Uyoma bá mi jù ú. Tí òkú bá wà nílẹ̀, kí òkú náà máa wò wá. Magak, lọ kó pòròpórò ẹ̀yìn ilé rẹ wá, gbogbo rẹ̀. Ebi ń pa àwọn ọmọ yìí, a fẹ́ dáná."

Magak wò ó. Ó lọ kó o.

Wọ́n se àgbàdo nínú ìkòkò Rispa, iná rẹ̀ ga, àwọn ọmọ dì í mú gbóná-gbóná, ti Magak náà wà láàárín wọn. Rispa jókòó sínú òkùnkùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wò ó. Ìgbà yẹn, àní ìgbà yẹn, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè sunkún ọkọ rẹ̀.